Pẹ̀lẹ́ Mẹ́ta ní Gbọ̀ngán Kẹta

Ìyá arúgbó náà kò tíì dìde nílẹ̀ tí ẹ̀gbà ọwọ́ Ráfíù fi pọ́n.

Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó ní ojú ló ń tan òun. Ó nu ẹ̀gbà náà mọ́ ṣòkòtò bí ẹni tó rò pé epo ló ta sí i, ó tún wò ó. Pupa fòò ni.

Wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ráfíù kò da omi kankan. Ibi tí òun àti ẹ̀rọ ìnulẹ̀ rẹ̀ wà lẹ́bàá òpó tó ogún ìṣísẹ̀ sí ibi tí ìyá náà ti fi ẹsẹ̀ kọ ìró ara rẹ̀ tó sì ṣubú gbì. Ilẹ̀ náà gbẹ. Ilẹ̀ Gbọ̀ngán Kẹta kì í tutù. Bí a bá ti ń nù ún ni afẹ́fẹ́ abẹ́ rẹ̀ ń gbẹ ẹ́. Gbogbo ohun tí Ráfíù ṣe kò ju pé ó gbójú sókè, ó rí àgbàlagbà nílẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì yà:

“Háà! Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Pẹ̀lẹ́, ìyá mi.”

Ẹ̀ẹ̀mẹta. Ní àkọ́kọ́, ẹ̀gbà rẹ̀ tó jẹ́ àwọ̀ ewé di àwọ̀ ìyeyè. Ní ẹlẹ́ẹ̀kejì, ó di àwọ̀ epo. Ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló pọ́n. Bí ọ̀rọ̀ náà bá gòkè dé Ilé Ìwọ̀n, tí wọ́n bá tẹ̀ka sí i níbẹ̀, yóò di dúdú. Ẹ̀gbà dúdú kì í ṣílẹ̀kùn. Kì í ṣí ti ibi iṣẹ́, kì í ṣí ti ọkọ̀, kì í ṣí ti ilé ìwòsàn, kì í ṣí ti yàrá tí ẹni náà ń sùn. Ẹni tí tirẹ̀ bá dúdú, kó di ẹrù rẹ̀, kó máa lọ sí ìsàlẹ̀ ọ̀nà, níbi tí àwọn tí ilẹ̀kùn kò dá mọ̀ mọ́ ń gbé.

Ìyá arúgbó náà ti dìde, ó ń gbọn ìró rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí Ráfíù lókèèrè. “Mo ti gbọ́, ọkọ mi. O ṣeun. Ẹsẹ̀ àgbà ni.” Ọpẹ́ yìí náà wọ inú ìwé ìwọ̀n. Ṣùgbọ́n ní Gbàgede-Ayé, pápákọ̀ òfurufú tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ọgọ́rùn-ún ọpẹ́ kò wúwo tó ìjẹ́wọ́ kan.

Mọńsúrátù, tí wọ́n jọ ń gbálẹ̀, ti sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. “Bàbá Ráfíù, kí lẹ ṣe?”

“Mi ò ṣe nǹkan kan.”

“Kí lẹ wá sọ?”

“Mo kàn ní kí wọ́n p...”

Mọńsúrátù fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó lẹ́nu pàá, ó sì fi ojú tọ́ka sókè. Níbẹ̀ ni wọ́n to àwọn Elétí-ọfẹ sí, dúdú, wọ́n ń dán, wọn kò ju kóró iṣin lọ, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkejì kárí òrùlé gbọ̀ngán. Àwọn baba wa ní ògiri létí. Òwe ni wọ́n ń pa. Àwọn ọmọ wọn lọ ra etí, wọ́n kàn án mọ́ ògiri.

“Ta ni kò sọ fún yín?” Mọńsúrátù ń sọ̀rọ̀ láàárín eyín. “Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ẹ ti dé láti oko, kò sẹ́ni tó kì yín nílọ̀? Ọ̀rọ̀ yẹn gbóná. A kì í fi ẹnu kàn án níbí.”

“Èwo nínú ọ̀rọ̀ náà?”

Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, okùn ń bà á lẹ́rù. Ti Mọńsúrátù ti di àwọ̀ epo nígbà kan rí, kò gbàgbé.

Àwọn òṣìṣẹ́ a máa ní ìlú méjì ló wà nínú pápákọ̀ òfurufú náà: ìlú ìsàlẹ̀ tí wọ́n ti ń wọn ènìyàn, àti ìlú òkè tí wọ́n ti ń ka ìwọ̀n. Ìbídùn Òjẹ́dọ̀kun, Olùyẹ̀wò Àgbà ní Ilé Ìwọ̀n, ti wà nílùú òkè láti ọdún méjìlá. Láti ojú fèrèsé rẹ̀, ó ń wo àwọn ọkọ̀ òfurufú tí wọ́n ń rọra balẹ̀ nínú ọyẹ́ bí àwòdì tí kò rí adìyẹ gbé. Ibi tí wọ́n ń bà sí yìí, oko kòkó àti oko obì ni nígbà èwe ìyá tó bí i. Oṣù márùn-ún ló kù kó fẹ̀yìn tì. Olùyẹ̀wò tó bá fẹ̀yìn tì láìlábàwọ́n, ẹ̀gbà wúrà ni wọ́n ń fi sí i lọ́wọ́. Kì í pọ́n, kì í dúdú, kò sì sí ilẹ̀kùn tí kò ní ṣí fún un títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò le lójú. Bí èrò bá dúró lórí ìlà ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ, ẹ̀gbà ẹni tó wà lẹ́nu fèrèsé á pọ́n. Bí ilé ìyàgbẹ́ bá rùn, ti ẹni tó ń fọ̀ ọ́ á pọ́n. Bí èrò bá gbé ìṣísẹ̀ mẹ́ta kọjá òṣìṣẹ́ láìjẹ́ pé ó kí i, tòun náà á pọ́n. Ìwé á wá gòkè, Ìbídùn á kà á, á tẹ̀ka. Ohùn ènìyàn kì í sí nínú ìwé náà. Iye ló ń wà níbẹ̀.

Ti àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì yìí kúrú. Ráfíù Àdìó, agbálẹ̀, Gbọ̀ngán Kẹta. Ìjẹ́wọ́ ẹ̀bi: ẹ̀ẹ̀mẹta. Ọ̀rinrin ilẹ̀: kò sí. Jíjìnnà sí ẹni tó ṣubú: ogún ìṣísẹ̀.

Ìbídùn ti na àtàńpàkò kó tó dúró. Ogún ìṣísẹ̀ kẹ̀? Ẹ̀rín pa á. Ó ní, “Ọwọ́ ọkùnrin yìí gùn ju ti ọ̀bọ lọ.” Láti ọdún méjìlá, kò pe ẹnì kankan gòkè rí. Lọ́jọ́ náà, ó ní kí wọ́n pe Ráfíù wá.

Ráfíù wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ọmọ ọgọ́ta ọdún lé díẹ̀ ni, ilà ojú rẹ̀ ti ń parẹ́ sínú ìhunjọ ara.

“Ẹ dìde, bàbá. Ẹ jókòó. Kò sí Elétí-ọfẹ nínú yàrá yìí. Ẹni tó ni òṣùwọ̀n kì í wọn ara rẹ̀.”

Ó jókòó sétí àga bí adìyẹ tó bà lókùn.

“Bàbá, kí ló dé tí ẹ fi jẹ́wọ́?”

“Jẹ́wọ́ kí ni, mà?”

“Pé ẹ̀yin lẹ mú ìyá yẹn ṣubú.”

“Èmi kẹ̀? Ìyá tí mi ò mọ̀ rí láyé mi? Wọ́n wà níbi tí ẹrù ti ń jáde, èmi wà lẹ́bàá òpó. Àfi bó bá jẹ́ pé àlá ni mo fi tì wọ́n.”

“Ó wà nílẹ̀ níbí pé ẹ jẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta.”

“Ẹ dákun mà, ẹ jẹ́ kí èmi náà gbọ́ ọ.”

Ìbídùn kò tíì béèrè fún ohùn ẹnì kankan rí. Ó ṣe díẹ̀ kó tó rí ibi tí wọ́n ń tẹ̀. Ohùn Ráfíù sì jáde láti ara tábìlì, ó mọ́ gaara: Háà! Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Pẹ̀lẹ́, ìyá mi.

Ráfíù tẹ́tí, ó ń retí èyí tó kù. “Ó kù, àbí?”

“Ó tán.”

“Ó tán? Níbo wá ni mo ti jẹ́wọ́ níbẹ̀, mà?”

Ìbídùn tún tẹ̀ ẹ́, ó tún gbọ́ ọ. Nǹkan kan tó ti sùn láti ọdún méjìlá dìde jókòó nínú rẹ̀.

Kó tó dé Ilé Ìwọ̀n, olùkọ́ èdè Yorùbá ni, ní ilé ìwé kan lẹ́bàá Ìkirè. Àwọn kan wá láti ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ tí ń ṣe òfin ìwọ̀n fún gbogbo pápákọ̀ àgbáyé. Wọ́n ń kọ́ ẹ̀rọ kan lédè, wọ́n sì fẹ́ kí ó gbọ́ Yorùbá. Ẹgbẹ̀ta ọ̀rọ̀ òyìnbó ni wọ́n kó fún un, àyè kọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan: ọ̀rọ̀ kan fún ọ̀rọ̀ kan. Ó ń kọ ọ́ lọ geere, àfi ìgbà tó dé orí sọ́rì.

Òyìnbó ní ọ̀kan yẹn fún ohun méjì. Bó bá tẹ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀, á ní sọ́rì. Bó bá gbọ́ pé ìyá rẹ kú, á ní sọ́rì. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó tẹ ọmọnìkejì lẹ́sẹ̀ ló ń ní “ẹ má bínú.” Ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ tó kàn rí i tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ló ń ní “pẹ̀lẹ́.” Ẹni tó ṣẹ̀ lè sọ méjèèjì, ẹni tí kò ṣẹ̀ kò ní ju ọ̀kan lọ. Ìbídùn mọ èyí bó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀. Ó tilẹ̀ kọ̀wé sí wọn: èwo nínú sọ́rì méjèèjì lẹ fẹ́? Wọ́n fèsì pé àyè kan, ọ̀rọ̀ kan. Ọjọ́ náà ni ó yẹ kí iṣẹ́ parí. Ọwọ́ ti ń ro ó. Ó wo “ẹ má bínú,” ó gùn ju àyè náà lọ. Ó kọ “pẹ̀lẹ́.”

Òun ni. Kò sí ẹlòmíì.

“Mà,” Ráfíù ní, “ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kó dúdú. Ojú ń dun ìyá àwọn ọmọ mi. Wọ́n ti ṣe ọ̀kan, ó kù ọ̀kan. Ẹ̀gbà tèmi ló ń ṣílẹ̀kùn ilé ìwòsàn fún un. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi kúrò lóko.”

“Ẹ máa lọ, bàbá. Mi ò tíì tẹ̀ka.”

Nígbà tó lọ tán, Ìbídùn sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Àká Ohùn. Gbogbo ohun tí Elétí-ọfẹ bá gbọ́, ibẹ̀ ló ń kó o pamọ́ sí, bí àgbẹ̀ ṣe ń kó àgbàdo sáká. Ó béèrè lọ́wọ́ Àká: láti ọdún méjìlá, ènìyàn mélòó ni ẹ̀gbà wọn dúdú nítorí “pẹ̀lẹ́” nìkan?

Àká dáhùn lójú ẹsẹ̀. Ẹgbẹ̀fà ó lé mẹ́fà.

Ó jókòó, ó ní kí Àká máa sọ ọ́ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohùn obìnrin kan: Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi, màmá ẹ ń bọ̀. Ẹkún ọmọdé wà lẹ́yìn rẹ̀. Ohùn ọkùnrin kan sí ẹni tó sín. Ohùn ẹlòmíì sí ẹni tó ru ẹrù wúwo kọjá. Ẹ pẹ̀lẹ́, sà, Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, ẹnì kan ń sọ fún ọkùnrin tó wálé wá sìnkú bàbá rẹ̀. Ọ̀kan wà nínú wọn tó jẹ́ pé òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ẹ̀gbà rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n ló ń bá kẹ́dùn, Pẹ̀lẹ́, ọ̀rẹ́ mi, pẹ̀lẹ́, mo ní pẹ̀lẹ́, tirẹ̀ náà sì pọ́n níbẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ lọ sí ìsàlẹ̀ ọ̀nà lọ́jọ́ kan náà.

Kò sí aláìṣòótọ́ nínú wọn, kò sí ọ̀lẹ. Àwọn tí àánú ń ṣe ni. Òṣùwọ̀n náà ti ń ṣa àwọn aláàánú láti ọdún méjìlá bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà, ẹni tó tutù lọ́kàn ló ń fi sílẹ̀. Àwọn ará ìsàlẹ̀ mọ̀. Wọ́n rò pé òfin ni. Àwọn ará òkè kò mọ̀. Wọ́n rò pé ìjẹ́wọ́ ni. Àtàńpàkò Ìbídùn sì wà lábẹ́ ọ̀ọ́dúnrún nínú wọn.

Oòrùn ti yẹ̀ kó tó dìde níbẹ̀. Ó mọ ohun tó wà níwájú rẹ̀. Bó bá tẹ̀ka, Ráfíù á lọ, ìyàwó rẹ̀ á fọ́jú ọ̀kan, oṣù márùn-ún á kọjá, wúrà á dé. Bó bá sọ pé òun ló ṣì í kọ, ọ̀rọ̀ Òfin Ìwọ̀n kúrú, kò sì nítumọ̀ méjì: ìjẹ́wọ́ ju ẹ̀rí lọ. Ẹni tó bá ní òun jẹ̀bi, ó jẹ̀bi. Òun rèé, ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta tí kò lọ́kọ, tí ìyá rẹ̀ tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún wà nílé lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí ẹ̀gbà rẹ̀ ń ṣí.

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì Alákòóso, ó yí padà, ó tún wá. Nígbà tó ṣe, ó kan ilẹ̀kùn.

Ọ̀gbẹ́ni Ṣódípọ̀ ni Alákòóso Ìwọ̀n. Ìbídùn lè bí i ní àkọ́bí, ṣùgbọ́n ipò ò mọ ọjọ́ orí. Ó dìde fún un, ó tẹrí ba díẹ̀.

“Màmá wa! Ẹ wọlé, ẹ wọlé. Ẹ ò tíì jẹun, mo rí i lójú yín.”

“Ọ̀gá, ọ̀rọ̀ ló gbé mi wá.”

“Ọ̀rọ̀ kì í tóbi títí ká fi ọ̀bẹ bù ú, Màmá. Ẹnu náà la ó fi sọ ọ́.”

Ó rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin: Ráfíù, ìyá arúgbó, sọ́rì, àyè kan, ọ̀rọ̀ kan, ẹgbẹ̀fà ó lé mẹ́fà. Ó kàn ń rò ó bí ìtàn ẹlòmíì, kò tíì dárúkọ ẹni tó kọ ọ́. Ṣódípọ̀ kò já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu. Nígbà tó parí, ó rọra tọ́ka sókè.

“Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí, Màmá. Yàrá tiyín ni kò ní Elétí-ọfẹ. Tèmi ní. Ẹ ò tíì sọ ohun kan tó burú. Oṣù márùn-ún. Ẹ lè ní ẹ̀ ń ro ìtàn fún mi ni, mo gbádùn rẹ̀, ẹ dìde, ẹ lọ jẹun.”

Ìbídùn wo kóró iṣin náà. Ọ̀kan ṣoṣo ni, ó ń dán lókè bí ojú ejò.

“Èmi ni mo kọ ọ́,” ó ní. “Èmi ni mo ṣẹ̀. Mo jẹ̀bi.”

Wọ́n jọ ń wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Àwọ̀ ìyeyè. Àwọ̀ epo. Pupa.

Ṣódípọ̀ mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín ẹni tí ayò rẹ̀ ti jẹ.

“Àwọn àgbà ṣòro. Ẹ rò pé mo máa jẹ́ kí wọ́n wí pé Olùyẹ̀wò Àgbà tèmi jẹ̀bi, nígbà tí àwọn olùbẹ̀wò láti òkè òkun ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé? Ẹ̀yin ò jẹ̀bi o. Àléébù lẹ rí nínú òṣùwọ̀n. Ẹni tó bá rí àléébù nínú òṣùwọ̀n, ẹ̀bùn ló tọ́ sí i.” Ó fi ìka kan nǹkan lórí tábìlì. Pupa tó wà lọ́wọ́ Ìbídùn gbọ̀n, ó sì di wúrà.

“Ọ̀gá, mi ò béèrè fún eléyìí.”

“Mo mọ̀.”

“Torí àwọn ẹgbẹ̀fà ni mo ṣe wá.”

“Àgbàdo tí a ti wọ̀n, tí a ti lọ̀, tí a ti jẹ, ta ló ń tún un wọ̀n, Màmá? Bí mo bá ṣílẹ̀kùn fún ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn, mo ti kéde fún ayé pé òṣùwọ̀n wa wọ́. Ṣùgbọ́n Ráfíù yín á bọ́. Tirẹ̀ kò tíì dúdú.”

“Ọ̀rọ̀ náà ńkọ́? Ẹ kàn yọ ọ́ kúrò nínú agbọ̀n ìjẹ́wọ́. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.”

“Kí n gbé e sí èwo? Agbọ̀n márùn-ún la ní: ìkíni, ọpẹ́, ìráhùn, èébú, ìjẹ́wọ́. Ẹni tí kò ṣe nǹkan kan, tí wọn ò ṣe nǹkan kan fún, tó wà ní ogún ìṣísẹ̀, tó ń pariwo bí ẹni tó kàn. Kí ló ń wá? Kí ni ẹ̀rọ fẹ́ kọ sílẹ̀?”

“Ó ń bá a pín in ni.”

“Pín kí ni?”

Ìbídùn wá ọ̀rọ̀ tí. Olùkọ́ èdè ni, ó ti kọ́ ọmọ ènìyàn lédè fún ogún ọdún, kò rí ọ̀kan tó lè wọ àyè kan.

“Ẹ rí i,” Ṣódípọ̀ ní, ohùn rẹ̀ tutù, ó tilẹ̀ dà bí ẹni pé àánú rẹ̀ ń ṣe é. “Ó lójú méjì. Ọ̀rọ̀ tó bá lójú méjì kò ṣeé wọ̀n. Ohun tí kò bá sì ṣeé wọ̀n...”

“Kò gbọdọ̀ wọ gbọ̀ngán,” Ìbídùn bá a parí rẹ̀. Òun ló túmọ̀ gbólóhùn náà sí Yorùbá.

“Ẹ̀yin lẹ ó kà á fún wọn lọ́la. Wọ́n gbà yín gbọ́.”

Ìlú ìsàlẹ̀ pé jọ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ní àkókò tí àwọn tó ń bọ́ lẹ́nu iṣẹ́ ń pàdé àwọn tó ń wọlé. Wọ́n tó igba. Ọyẹ́ mú, eruku pupa sì ti bo gíláàsì Gbọ̀ngán Kẹta tó fi dà bí ẹni pé inú ìkòkò ni wọ́n wà. Wọ́n rí wúrà lọ́wọ́ Ìbídùn. Ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn, “Ẹ kú oríire, mà!” Ìkíni náà wà nínú ìwé, kò sí ẹ̀gbà tó mì. Àwọn mìíràn rọra rẹ́rìn-ín.

Ó ka àṣẹ náà. Láti òní lọ, ọ̀rọ̀ báyìí kò sí nínú pápákọ̀ mọ́, ẹnì kankan kò gbọdọ̀ sọ ọ́, ìbáà ṣe ẹ̀ẹ̀kan, sí èrò tàbí sí òṣìṣẹ́. Wọn kò tilẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ náà sínú àṣẹ. Wọ́n fi ìlà dúdú sí àyè rẹ̀, ó sì dákẹ́ fún ìwọ̀n ìmí kan nígbà tó dé ibẹ̀. Ó yé gbogbo wọn.

Mọńsúrátù nawọ́. “Bí ẹnì kan bá ṣubú ńkọ́, mà? Kí ni ká sọ?”

Ìbídùn wo ìwé. “Ẹ ó ní: A ti rí yín. Ìrànwọ́ ń bọ̀.”

“Ká tó sọ gbogbo ìyẹn tán, ẹni náà á ti dìde, á ti dé ilé ọkọ,” ọkùnrin kan ní, ẹ̀rín sì sọ.

“Bí ọmọ bá ń sunkún ńkọ́?”

“Bákan náà.”

“Bí wọ́n bá gbé òkú ọmọ sọ̀ kalẹ̀ látinú ọkọ̀, mà, tí ìyá rẹ̀ dúró níbí ńkọ́?”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìbídùn tún wo ìwé, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ wò bóyá wọ́n kọ nǹkan síbẹ̀. Òfìfo ni. “A ti rí yín,” ó kà á. “Ìrànwọ́...”

Ibẹ̀ ni ohùn rẹ̀ gé sí. Obìnrin tí ẹnikẹ́ni kò rí omi lójú rẹ̀ rí bú sẹ́kún níwájú igba ènìyàn, ẹkún àgbà, èyí tí ń gbọn èjìká tí kì í dún. Ìwé bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fọwọ́ méjèèjì bojú, wúrà náà ń tàn yanran lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Nílẹ̀ yìí, ẹnì kan kì í sunkún kí agbo dákẹ́. Ẹ̀ bá gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ ọjọ́ náà. Igba ẹnu ló wà níbẹ̀, igba ẹnu ló sì pa dé. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ ní “Pẹ̀...”, ó sọ ọ́ di ikọ́. Mọńsúrátù gé ètè jẹ, ó yíjú sí ògiri. Wọ́n ń wo ẹsẹ̀ ara wọn.

Ráfíù wà níwájú. Ẹ̀gbà rẹ̀ ti padà sí àwọ̀ ewé, ó tutù yọ̀yọ̀ bí ewé ilá. Ó gbé ìṣísẹ̀ kan sọ́dọ̀ obìnrin tó gbà á lọ́wọ́ ìsàlẹ̀ ọ̀nà, ó gbé èkejì, ó na ọwọ́ bí ẹni tó fẹ́ fi kan èjìká rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ yà. Ó gbójú sókè wo òrùlé. Ó ronú kan ojú kan tó kù tí wọn kò tíì ṣe fún ìyàwó rẹ̀. Ó fa ọwọ́ náà sẹ́yìn.

“A ti rí yín, mà,” ó ní. “Ìrànwọ́ ń bọ̀.”